Gíráàmù Kan Nínú Hóró Kan: Bí A Ṣe Ń Fi Àlẹ̀mọ́ Yíyọ́ Ṣe Àpapọ̀ Oògùn Láìdáwọ́dúró

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin apòògùn, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ní Ìdú, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti Zaria wá sí Àbújá, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí dá lórí bí a ṣe ń kó oògùn méjì sínú hóró kan ṣoṣo nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fúnra rẹ̀ ti tó gíráàmù kan gbáko. Àlẹ̀mọ́ tí ooru ń rọ̀ ni a ó fi de lẹ́búlẹ́bú oògùn, a kò ní fi ẹ̀kán omi kan sí i, ẹ̀rọ yóò sì máa gba lẹ́búlẹ́bú wọlé lápá kan, yóò máa da wóró, ìyẹn ìṣù kéékèèké tí a ó fi tẹ hóró, jáde lápá kejì, láìdúró. Tí wọ́n bá ti dárúkọ irú iṣẹ́ yìí, ooru àti súkúrúù tó ń yí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bèèrè. Àwa ń rọ̀ yín kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè fíídà. Fíídà tó ń wọn lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Tí a bá dé ibẹ̀, a ó fi ìṣirò hàn yín.

Àyè ló kọ́kọ́ há

Ẹ jẹ́ ká mú metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí gbogbo wa mọ̀. 500 mg, 850 mg àti 1000 mg ni wọ́n máa ń ṣe é sí. Dókítà lè fi oògùn kejì tì í, bíi vildagliptin 50 mg, kí aláìsàn má baà máa ka hóró rẹpẹtẹ lójúmọ́. Eucreas, tó jẹ́ àpapọ̀ àwọn méjèèjì, gba àṣẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 2007. Bí ẹ bá yọ ìbòrí rẹ̀ kúrò, tí ẹ sì yọ oògùn méjèèjì kúrò, hydroxypropylcellulose, tó jẹ́ àlẹ̀mọ́, àti magnesium stearate ló kù nínú hóró náà, kò sí nǹkan mìíràn. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ìṣirò.

Ká ní a fẹ́ ṣe irú hóró bẹ́ẹ̀ fúnra wa. Metformin 1000 mg. A fi 100 mg hydroxypropylcellulose, tí a ó máa pè ní HPC, kún un: 1100 mg. Vildagliptin 50 mg: 1150 mg. Magnesium stearate 11.5 mg kí ó má baà lẹ̀ mọ́ irin: 1161.5 mg. Ìbòrí bíi 35 mg, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 1200 mg. Nínú hóró yẹn láìka ìbòrí, oògùn fúnra rẹ̀ ti gba ìdá 90 nínú 100. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, gba àwọn tó ń ṣe oògùn àfijọ nímọ̀ràn pé kí hóró má ṣe gùn ju 22 mm lọ níbikíbi, nítorí ọ̀fun èèyàn. Ẹni tó bá wá fẹ́ da 300 mg àfikún mìíràn sí i kí ó lè tẹ̀ dáadáa, kò sí ibi tí yóò fi í sí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, metformin kì í fẹ́ tẹ̀. Bí a bá fi irin tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, yóò ká jọ, ṣùgbọ́n bí irin bá ti gbéra báyìí, yóò fẹ́ padà sí ipò rẹ̀, orí hóró á ṣí kúrò. Oògùn tó pọ̀ jù, tí kò sì fẹ́ lẹ̀, ni a fẹ́ fi ìwọ̀nba àlẹ̀mọ́ dè. Àlẹ̀mọ́ náà gbọ́dọ̀ dé ara gbogbo wóró, kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀kan tó fò.

Kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ nìkan ni ìṣirò yìí bá wí. Hóró HIV tí wọ́n ń pè ní TLD ní tenofovir disoproxil fumarate 300 mg, lamivudine 300 mg àti dolutegravir 50 mg. Hóró ikọ́ ẹ̀gbẹ olóògùn mẹ́rin ní rifampicin 150, isoniazid 75, pyrazinamide 400 àti ethambutol 275, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 900 mg. A kò sọ pé kí ẹ gbé gbogbo wọn sínú ooru o. Rifampicin àti isoniazid kì í gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn bó ti wù kí a ṣe wọ́n. Àyè tó há ni gbogbo wọn fi jọra.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa mọ̀ ni ti omi: ẹ pò ó, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ metformin máa ń yọ́ sínú omi kíákíá, nítorí náà omi tó kéré jù kò ní lẹ̀ ẹ́, èyí tó sì fi díẹ̀ lé sí i á sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Vildagliptin kò fẹ́ràn ọ̀rinrin, ó máa ń bàjẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìgbẹ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tó ń jẹ dísẹ̀lì. Tí a bá fi àlẹ̀mọ́ yíyọ́ ṣe é, a kò bu omi kankan sí i, kò sì sí omi tí a ó tún máa fi ooru lé jáde.

Àlẹ̀mọ́ wo?

Nínú iṣẹ́ yìí, oògùn kì í yọ́. Àlẹ̀mọ́ nìkan ló ń rọ̀, tó ń na ara rẹ̀ sára oògùn, tó sì ń le padà bó bá tutù. Metformin kì í yọ́ àfi tí ooru bá lé ní 220°C, nítorí náà àyè wà fún wa lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń mú polyethylene glycol 6000 nítorí pé láàárín 55 sí 63°C ló ti ń yọ́, ẹ̀rọ wọn kò sì ní gbóná púpọ̀. Èrò tiwa ni pé kí ẹni tó ń ta oògùn sí apá òkè Ọya rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ooru Kánò, Sókótó àti Maiduguri máa ń kọjá 40°C níta. Inú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n tì pa sínú oòrùn lè kọjá 50. Hóró tí àlẹ̀mọ́ rẹ̀ ń rọ̀ ní 55 kò ní ààbò lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: á rọ̀ díẹ̀, á le padà, yíyọ́ rẹ̀ nínú ikùn á yí padà, láìjẹ́ pé ojú rí ohunkóhun lára rẹ̀.

HPC ni a fara mọ́. Láàárín 100 sí 150°C ló ń rọ̀, nítorí náà kò sí oòrùn tó lè bá a wí. Ó máa ń ká, kì í fọ́, ìyẹn sì ni metformin kò ní. Wóró tí a fi omi ṣe sábà máa ń nílò kí ọ̀rinrin bí ìdá 1 sí 2 nínú 100 kù sínú rẹ̀ kí orí hóró má baà ṣí. Wóró tí a fi HPC yíyọ́ dè lè gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì tẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ra irú èyí tí kì í ki, tó sì kúnná. Irú tó ń ki máa ń di nǹkan yíyọ̀ bí ilá lára hóró nínú ikùn, kò ní jẹ́ kí oògùn tètè jáde.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò le yé. Súkúrúù méjì tó wọnú ara wọn ń yí sí apá kan náà nínú bárẹ́ẹ̀lì irin tí a pín sí apá-apá, tí a lè fún apá kọ̀ọ̀kan ní ooru tirẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀pá ike, ìbátan rẹ̀ ni, àmọ́ a yọ irin ẹnu rẹ̀ kúrò kí wóró lè máa bọ́ jáde fúnra wọn. Lára súkúrúù, apá kan ń gbé ẹrù lọ, apá kan jẹ́ abẹ tó ń pò. Abẹ tó ń pò ni a máa ń tò ní ìgun 30°, 60° tàbí 90°. Bí 90° bá pọ̀ jù, ẹrù á há, ooru á lé sí i, wóró á le bí òkúta, kò sì ní tẹ̀ mọ́.

Fíídà

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí yìí dáadáa. Ká ní kílò 10 wóró la fẹ́ ṣe ní wákàtí kan. Metformin 9.09 kg, HPC 0.91 kg. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, HPC tó ń bọ́ sílẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gíráàmù péré. Bí fíídà HPC bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, metformin bíi gíráàmù 25 ti kọjá láìní àlẹ̀mọ́. Hóró 25 nìyẹn. Súkúrúù lè pò ó mọ́ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹrù kì í pẹ́ nínú bárẹ́ẹ̀lì, kì í sábà tó ìṣẹ́jú kan. Kò sí àyè láti tún ohun tí fíídà ti bàjẹ́ ṣe.

Fíídà tó dára jókòó lórí òṣùwọ̀n. Ó ń wo bí ìwúwo họ́pà rẹ̀, ìyẹn àpótí tí a ń da lẹ́búlẹ́bú sí, ṣe ń dín kù, ó sì ń yára tàbí ń rọra yí gẹ́gẹ́ bí ìwúwo náà bá ti wí. Ìgbà tí ẹ bá ń tún họ́pà kún ni kì í ríran: ìwúwo ń lọ sókè, kò mọ iye tó ń jáde, ó kàn ń yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀ ni. Lẹ́búlẹ́bú tuntun tó wá já lé ti ìsàlẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ki sí i, fíídà á sì da ju iye tó yẹ lọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí họ́pà lọ sílẹ̀ ju ìdá 30 nínú 100 lọ kí ẹ tó tún un kún, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kí ẹ sì ṣe é kíá.

Òṣùwọ̀n náà kò mọ ohun tó ń tì í. Afẹ́fẹ́ AC tó ń fẹ́ sí họ́pà tààrà, òṣìṣẹ́ tó fara ti tábìlì rẹ̀, rọ́bà tó so ó mọ́ bárẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà le jù, gbogbo rẹ̀ ni yóò kà sí lẹ́búlẹ́bú. Ẹ wo ibi tí AC kọjú sí kí ẹ tó pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

Metformin máa ń dì nínú àpò. Ẹ jọ̀ ọ́ kí ẹ tó dà á sí họ́pà, nítorí ìdì kan tó bá há sẹ́nu fíídà ti tó láti da iṣẹ́ ọjọ́ kan rú. Àkókò ọyẹ́ sì tún ní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gbẹ gan-an, HPC tó kúnná á máa fi iná tó ń ta pàpà lára aṣọ lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀nà tó ń bọ́ gbà, á kó jọ, á sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi wáyà so gbogbo irin mọ́ ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rinrin yàrá wà láàárín ìdá 35 sí 45 nínú 100. Wáyà yẹn ń dáàbò bo ẹ̀mí pẹ̀lú: lẹ́búlẹ́bú tó kúnná tó fò sáfẹ́fẹ́ lè gbiná bí iná kékeré bá ta sí i.

Ọ̀nà kan wà tí a máa ń gba àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti tọ̀: ẹ kọ́kọ́ po metformin àti HPC pọ̀ nínú ẹ̀rọ ìpòpọ̀, kí ẹ fi fíídà kan ṣoṣo bọ́ bárẹ́ẹ̀lì. Nígbà náà, bí fíídà bá tiẹ̀ ṣe ségesège díẹ̀, iye ẹrù inú bárẹ́ẹ̀lì ló máa yí, ìbáṣepọ̀ oògùn àti àlẹ̀mọ́ kò ní yí. Àmọ́ HPC gbọ́dọ̀ kúnná bákan náà pẹ̀lú metformin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á tún yà nínú họ́pà. Fíídà méjì dára jù fún ẹni tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára.

Ooru àti ohun tí ẹ̀rọ ń sọ

Ẹnu ibi tí ẹrù ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ tutù, bíi 30°C, pẹ̀lú omi tó ń ṣàn yí i ká, kí HPC má baà rọ̀ síbẹ̀ kó dí i pa. Láti ibẹ̀ ẹ lè gùn ún lọ sí 60, 100, 140, kí ẹ dé 160 níbi tí abẹ ìpò wà. Èyí tó wà lójú ẹ̀rọ jẹ́ ooru irin. Ìpò fúnra rẹ̀ ń bí ooru, nítorí náà ooru ẹrù lè ju ti irin lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru láìfọwọ́kàn wò ó lẹ́nu ibi tó ń jáde.

Ìdí nìyí tí a kò fi ń fi vildagliptin gba inú bárẹ́ẹ̀lì. Nítòsí 150°C ni òun ń yọ́. Ẹ̀yìn tí wóró bá ti tutù tán ni a ń fi í kún un.

Agbára tí súkúrúù ń lò láti yí ni ohùn ẹ̀rọ. Bó bá ń gòkè, ó lè jẹ́ pé ooru kò tó, HPC kò rọ̀, tàbí ẹrù ti pọ̀ jù fún ìyára súkúrúù. Bó bá ṣàdédé wálẹ̀, fíídà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní àkókò tó dọ́gba, ẹ wo àkókò tí ẹ ń tún họ́pà kún. Ẹ óò rí i pé wọ́n bára mu.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́nu bárẹ́ẹ̀lì, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ó yẹ kó rí bíi gaàrí Ìjẹ̀bú tó yan dáadáa: ó ta kókó, ó gbẹ, ìka lè fọ́ ọ ṣùgbọ́n kò ní di ẹ̀tù lójú ẹsẹ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú funfun bá ń kù sí àtẹ́lẹwọ́, àlẹ̀mọ́ kò dé ara gbogbo rẹ̀. Bó bá ń pupa rúsúrúsú, ooru tàbí abẹ ìpò ti pọ̀ jù, ẹ má dà á mọ́ èyí tó dára.

Bí iná bá lọ

Èyí ni ó yẹ kí gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà lágbègbè wa kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ. Iná ìjọba lọ, jẹnẹrétọ̀ sì gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó gbé e. Súkúrúù dúró, bárẹ́ẹ̀lì kún fún HPC tó rọ̀. Bí iná bá dé tí òṣìṣẹ́ sì tẹ bọ́tìnnì lójú ẹsẹ̀, ó lè dára. Bí bárẹ́ẹ̀lì bá ti tutù kí ó tó tẹ̀ ẹ́, àlẹ̀mọ́ ti le mọ́ súkúrúù, ọ̀pá rẹ̀ lè kán. Ẹ má tan án ní tútù láé. Ẹ gbé ooru padà sí ibi tó wà, ẹ dúró tó bí ààbọ̀ wákàtí, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì da gbogbo ohun tó kọ́kọ́ jáde nù, nítorí pé ó ti pẹ́ jù nínú ooru. Tí owó bá há, ẹ ra bátìrì tó lè gbé súkúrúù àti fíídà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Ìṣẹ́jú yẹn tó láti dá fíídà dúró, kí súkúrúù sì yí títí bárẹ́ẹ̀lì á fi ṣófo.

Láti wóró dé hóró

Ẹ jẹ́ kí wóró tutù dé ìsàlẹ̀ 40°C kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Bó bá ṣì gbóná, HPC á rọ̀ mọ́ àjọ̀ ẹ̀rọ ìlọ̀, á dí i. Àjọ̀ oníhò 1 mm ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni vildagliptin tí a ti jọ̀, kí ẹ pò ó dáadáa, magnesium stearate ni kó kẹ́yìn, ìpò ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Bó bá pẹ́ jù, ọ̀rá rẹ̀ á bo gbogbo wóró, hóró á sì máa fọ́.

Vildagliptin jẹ́ ìdá 4.3 péré nínú 100 hóró náà. Òfin USP, ìwé ìlànà oògùn Amẹ́ríkà, gbà kí a fi ìwúwo nìkan ṣe ìdánwò ìdọ́gba bí oògùn bá tó 25 mg, tó sì tún tó ìdá 25 nínú 100. Ti vildagliptin tó 25 mg, ṣùgbọ́n kò tó ìdá 25, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ yẹ iye rẹ̀ wò nínú hóró mẹ́wàá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti ìdánwò fífọ́, hóró tó bá wúwo ju 650 mg lọ, mẹ́wàá ni a ń yí nígbà 100, ohun tó bá sì ré kúrò kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Bí orí hóró bá ń ṣí lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀, ẹ dín ìyára kù kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde, ẹ sì fi kún agbára ìtẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń ṣáájú ìtẹ̀ gidi, kí ẹ tó sọ pé wóró kò dára.

Ohun tó bá jáde nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ àti nígbà tí ẹ fẹ́ pa á kì í ṣe ọjà. Ẹ jẹ́ kí ìlọ́po mẹ́ta tàbí márùn-ún àkókò tí ẹrù fi ń wà nínú bárẹ́ẹ̀lì kọjá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbà á. Ìlànà ICH Q13, ìlànà àgbáyé lórí ṣíṣe oògùn láìdáwọ́dúró, tí wọ́n parí ní oṣù kọkànlá 2022, fàyè gba pé kí a fi àkókò tàbí ìwúwo ya bááṣì kan, ìyẹn ìpín oògùn tí a kà sí ọ̀kan, sọ́tọ̀ sí òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí gbogbo ìṣẹ́jú tí nǹkan ṣe ségesège wọ̀ sí. Iṣẹ́ àìdáwọ́dúró kì í tún ṣe ohun àjèjì fún àwọn alábòójútó: ní 2016, FDA fọwọ́ sí i kí wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe Prezista, oògùn HIV, kúrò ní ti bááṣì sí ti àìdáwọ́dúró. NAFDAC tó wà níhìn-ín ní Wúsé dé ìpele kẹta nínú bí WHO ṣe ń díwọ̀n àwọn àjọ tó ń bójú tó oògùn, ní 2022. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó fi owó ra ẹ̀rọ, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá kó ìwé dé.

Ohun kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ooru ṣe metformin kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ní oṣù karùn-ún 2020, FDA ní kí ilé iṣẹ́ márùn-ún kó metformin tí wọ́n ṣe kó máa jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ara kúrò lọ́jà nítorí NDMA, májèlé tó lè fa jẹjẹrẹ. Iye tó ga jù tí wọ́n gbà láyè ni nanogram 96 lójúmọ́ (nanogram kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù gíráàmù). Aláìsàn tó ń lo 1000 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ rí ju nanogram 48 nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Dimethylamine ni a fi ń ṣe metformin. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá kù, tó bá pàdé nitrite nínú àwọn àfikún, NDMA lè jáde, ooru sì ń ti ìpàdé náà síwájú. Ẹ béèrè iye nitrite tó wà nínú HPC lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún yín, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mú metformin kí ó tó wọ bárẹ́ẹ̀lì, wóró nígbà tó jáde, àti hóró lẹ́yìn ìbòrí, kí ẹ yẹ NDMA wò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, ẹ tún yẹ hóró tí ẹ ti fi pamọ́ fún oṣù mẹ́fà ní 40°C àti ọ̀rinrin ìdá 75 nínú 100 wò.